Bí ẹ ṣe lè gbé egbòogi àti oògùn ilé ìwòsàn sórí ìwọ̀n kan náà

Àwọn àìsàn kan wà tí kì í ṣe kòkòrò ló ń fà wọ́n. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló yíjú padà sí ara fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá dojú ìjà kọ oríkèé, ó di irú làkúrègbé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis. Bó bá jẹ́ awọ ara, oríkèé, ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín ni wọ́n dà lù pọ̀, lupus nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìfun, ó lè jẹ́ Crohn's. Bó bá jẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, Hashimoto's tàbí Graves' ni. Wọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní wọn lè lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ kan á sì wà tí yóò bi ara rẹ̀ pé: ṣé kò sí nǹkan mìíràn ni? Ewé àti egbò ńkọ́? Fítámì ńkọ́? Òróró ẹja, abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ààwẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá bi í kò ṣẹ̀, dókítà tó bá sì fi ìbínú dá a lóhùn kò ràn án lọ́wọ́, torí ohun tí aláìsàn yóò ṣe ni pé yóò máa lò ó ní kọ̀rọ̀. Ohun tó ṣòro ni kéèyàn wá ìdáhùn náà láìjẹ́ pé oríkèé tàbí kíndìnrín ti bàjẹ́ kó tó rí i.

Orúkọ àìsàn nìkan kò tó

Kí ẹ tó fi ohunkóhun wé ohunkóhun, ẹ gba ìdáhùn ìbéèrè 4 lẹ́nu dókítà yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ni orúkọ àìsàn yìí gan-an? Ẹ̀yà ara wo ló ń kọlù lọ́wọ́lọ́wọ́? Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 6, kí ló lè bàjẹ́ tí kò ní padà bọ̀ sípò mọ́? Àyẹ̀wò wo ló ń fi hàn pé ó ń rọlẹ̀ tàbí pé ó ń ru?

Ìbéèrè kẹta ló wúwo jù. Nínú rheumatoid arthritis, àárín ọdún 2 àkọ́kọ́ ni eegun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fẹ́ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 3 tí oríkèé ti ń wú. Eegun tó bá ti jẹ, kò sí ewé, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà.

Ti lupus tún yàtọ̀, torí pé kíndìnrín kì í ké. Ó lè máa bàjẹ́ lọ kí ara aláìsàn máa le, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó lè kọ́kọ́ rí ni ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ tí ìfóòfó rẹ̀ kì í tètè pa, tàbí kókósẹ̀ tó wú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru. Àyẹ̀wò purotéènì inú ìtọ̀, creatinine (tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn), C3, C4 àti anti-dsDNA (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá lupus ń ru) ló ń sọ òótọ́ níbẹ̀. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń mu nǹkan báyìí ni ara òun ti yá, ẹ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí ìtọ̀ rẹ̀ sọ.

Àwọn àìsàn kan sì wà tí kò sí ohun tí à ń gbé sórí ìwọ̀n níbẹ̀ rárá. Nínú àtọ̀gbẹ irú kìíní, àwọn ọmọ ogun ara ti pa ohun tó ń ṣe insulin run. Kí wọ́n tó fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní insulin ní Toronto ní 1922, ikú ni òpin rẹ̀. Bí ẹni tó ní in bá dá insulin dúró lónìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kan bí ọtí kíkan láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Lódì kejì ni celiac wà, àìsàn ìfun tí gluten, purotéènì inú àwọn ọkà kan, máa ń ta jí: oúnjẹ gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá yọ gluten inú àlìkámà, bálì àti ọkà rye kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ pátápátá ti gba ìtọ́jú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn àìsàn kan kọ́ yín ní ìtọ́jú òmíràn.

Oògùn tí wọ́n kọ fún yín: ẹ kọ́kọ́ mọ àkókò rẹ̀

Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ju oògùn sílẹ̀ ni pé wọn kò sọ fún wọn ìgbà tó máa ṣiṣẹ́. Methotrexate, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní rheumatoid arthritis, máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó fi ara hàn. Hydroxychloroquine, tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní lupus, máa ń gba oṣù 3 sí 6. Prednisolone ní tirẹ̀ kì í pẹ́: láàárín ọjọ́ díẹ̀, oríkèé á ti rọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òun ni aláìsàn fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù bó bá pẹ́ lára: eegun á fúyẹ́, ṣúgà á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, àrùn á tètè wọlé.

Ẹ wo bí àṣìṣe ṣe máa ń wọlé. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ methotrexate. Ọ̀sẹ̀ 4 kọjá, kò rí nǹkan kan. Wọ́n mú egbòogi kan wá fún un, ó dà á pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ara fúyẹ́. Egbòogi ló gba ọpẹ́, methotrexate di ohun tí wọ́n jù sí àpótí. Bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá lẹ́yìn náà, ìka á tún wú, wọ́n á sì sọ pé àìsàn náà ti “mọ́ egbòogi lára”. Oògùn tí wọ́n jù sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Methotrexate fún irú àìsàn yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí oògùn, kí gbogbo ará ilé tó ń bá yín fún oògùn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú: ẹnu á bó, ibà á dé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi folic acid, irú fítámì kan, kún un kí inú má baà máa rú, kí ẹnu má sì bó. Ẹ ṣe àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ lè máa ṣe é ní oṣù 2 sí 3 síra. Obìnrin tó fẹ́ lóyún kò gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Kódà oògùn òyìnbó mìíràn lè bá a jà: co-trimoxazole, tí wọ́n máa ń fún èèyàn nítorí àrùn ìtọ̀, léwu púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Hydroxychloroquine kì í sábà ju 5 mg lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara yín wọ̀n, lójúmọ́. Ẹni tó wọ̀n ní kílò 60, 300 mg ni òkè rẹ̀. Ojú ni wọ́n ń ṣọ́ pẹ̀lú rẹ̀: àyẹ̀wò kan níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún bó bá ti pé ọdún 5, tàbí ṣáájú ìgbà náà bí kíndìnrín bá ní ìṣòro. Ó yẹ ká rántí pé ìran quinine ni oògùn yìí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú èèpo igi cinchona. Igi àti ewé kì í ṣe ọ̀tá oògùn. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan ti wọn ọ̀kan, ó ti mọ iye tó ń wo èèyàn àti iye tó ń pa á.

Prednisolone tó bá ti ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ lára, a kì í dá a dúró lójijì. Àwọn ohun kéékèèké tó wà lórí kíndìnrín, tó ń ṣe irú rẹ̀ nínú ara, ti sùn lọ. Bí ẹ bá gé e lójijì, ẹ lè máa bì, kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ẹ ṣubú lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, dókítà ló sì ń ka iye rẹ̀.

Nípa ìwé tó máa ń wà nínú páálí oògùn, tó kún fún ìpalára oríṣiríṣi: ẹ má kà á kí ẹ sì sá. Ẹ mú un lọ bá apòògùn. Nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè pé, èèyàn mélòó nínú 100 ló ń ṣe? Báwo la ṣe lè tètè rí i? Ṣé ó ń lọ bí a bá dá oògùn dúró? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbéèrè 3 yìí gan-an lọ bá ẹni tó ń ta egbòogi. Bí kò bá ní ìdáhùn kankan, kì í ṣe pé ọjà rẹ̀ kò ní ìpalára. Kò sí ẹni tó kà á ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ìwọ̀n

Ohun tí wọ́n ń kó jọ pè ní “ti àdáyébá” kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, ẹ má sì fi ojú kan wò ó.

Àwọn kan ń ranni lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn. Sìgá jíjáwọ́ ni mo máa fi ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dì í sínú ìgò tà: sìgá ń mú rheumatoid arthritis le sí i, ó sì ń dín agbára oògùn rẹ̀ kù. Eré ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́, lílúwẹ̀ẹ́, tai chi (eré ìdárayá jẹ́jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà) àti oorun tó tó ń dín ìrora àti àárẹ̀ kù. Òróró ẹja ní ẹ̀rí díẹ̀ fún ìrora àti gígan oríkèé, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í mú dé ibi tó yẹ. Àwọn ìwádìí náà lo nǹkan bí 3 g EPA àti DHA, ọ̀rá inú òróró ẹja tó ń ṣiṣẹ́ náà, lójúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: iwájú lè kọ 1000 mg, kí ẹ̀yìn sọ pé EPA jẹ́ 180 mg, DHA jẹ́ 120 mg. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300 mg. Ẹni tó ń lo hóró 1 nínú rẹ̀ lójúmọ́ ń lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ẹni tó bá wà lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó mu iye tó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fítámì D náà wà ńbẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022, tí wọ́n ṣe lára àwọn àgbàlagbà tó lé ní 25,000 ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tó lo 2000 IU lójúmọ́ fún nǹkan bí ọdún 5 ní irú àìsàn yìí tuntun ní ìdá 22 nínú 100 dín sí àwọn tí kò lò ó. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí àìsàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Kò sọ pé ó wo ẹni tó ti ní in.

Àwọn kan ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ń wá kí wọ́n rọlẹ̀. Àkọlé “ó ń fún agbára ìdènà àrùn lókun” dùn létí, ṣùgbọ́n ìdàkejì ohun tí àìsàn yín fẹ́ ni. A ti rí i tí lupus ru lẹ́yìn ewéko echinacea, àti lẹ́yìn ewéko alfalfa. Iodine tó pọ̀, bí èyí tó wà nínú hóró ewéko òkun, lè mú Hashimoto's burú sí i.

Àwọn kan ń bá oògùn jà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ewéko St John's wort ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé ciclosporin àti tacrolimus, oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lágbára, jáde, oògùn á wá kéré jù lára. Èso grapefruit ń ṣe ìdàkejì, ó ń mú kí wọ́n pọ̀ jù. Atalẹ̀ pupa (turmeric) inú oúnjẹ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ tí wọ́n ti fún jọ pẹ̀lú ata dúdú ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Biotin, fítámì tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná, kò pani lára, àmọ́ ó lè da èsì àyẹ̀wò thyroid rú. Ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Egbò kan tí wọ́n ń pè ní thunder god vine, láti Ṣáínà, ní agbára gidi. Ní 2009, ìwádìí kan fi í wé sulfasalazine, oògùn ilé ìwòsàn kan, fún rheumatoid arthritis, egbò náà ló sì ṣe dáadáa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ inú ìwádìí náà kò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó lè ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́, ó sì lè mú eegun fúyẹ́. Ohun tó bá lágbára tó láti wò yín lágbára tó láti ṣe yín léṣe, ì báà jẹ́ inú igbó ló ti wá.

Àwọn tó kẹ́yìn ni wọ́n léwu jù: àwọn tó fi nǹkan pamọ́ sínú. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń tà bí egbòogi oríkèé. Wọ́n rí dexamethasone, ìbátan prednisolone, àti diclofenac, oògùn ìrora, nínú rẹ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára àkọlé. Ní 2004, ìwádìí kan yẹ egbòogi Ayurveda, ti ìbílẹ̀ Íńdíà, 70 wò ní agbègbè Boston, 14 nínú wọn ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣèèṣì fi ewéko Aristolochia rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí wọ́n ń lò láti fọn. Ó lé ní 100 èèyàn, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ obìnrin, tí kíndìnrín wọn bàjẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa fura? Egbòogi tó bá rọ oríkèé tó ti wú fún oṣù 6 láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3 ni kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Bí oúnjẹ bá tún ń wù yín jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ojú yí roboto, tí oorun kò wá lálẹ́, tí ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbátan prednisolone lẹ ń mu. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà lọ́jọ́ yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò

Àìsàn yìí ń ru, ó sì ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí òkun. Ìgbà tó bá ru jù lèèyàn máa ń wá nǹkan tuntun, lẹ́yìn rírú sì ni rírọ̀, yálà ẹ mu nǹkan kan tàbí ẹ kò mu. Ìdí tí gbogbo egbòogi fi ní ẹlẹ́rìí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdánwò nígbà tó bá ń ru. Ẹ dúró kó rọlẹ̀, kí oògùn yín sì ti wà ní ìwọ̀n kan náà fún oṣù 3 ó kéré tán.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kọ àkọsílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tuntun náà. Àpẹẹrẹ ojú ewé kan rèé: “Ọjọ́ Ajé. Mo jí ní 6:00. Ìka rọ̀ tó láti de bọ́tìnnì ní 7:15, ìṣẹ́jú 75. Oríkèé tó wú: 4, ọwọ́ ọ̀tún 3, orúnkún òsì 1. Ìrora: 5 nínú 10. Oògùn ìrora: hóró 2. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru.” Ẹ má kọ “ó sàn díẹ̀”. Ẹ kọ ìṣẹ́jú, ẹ kọ iye.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, creatinine, CRP (tó ń fi hàn bí wíwú inú ara ṣe pọ̀ tó) àti ìtọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa gbà pé ó jẹ́ àṣeyọrí sílẹ̀ ṣáájú, bí àpẹẹrẹ kí gígan òwúrọ̀ bọ́ láti ìṣẹ́jú 75 sí 40. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ ṣáájú, ọkàn tó ti ná owó á rí àṣeyọrí níbikíbi.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kún un, ní ìwọ̀n kan. Ẹ má yọ oògùn kankan. Ní ọ̀sẹ̀ 4, ẹ tún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ẹ ṣe gbogbo àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi ìwé yín wé ti ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Bó bá jọ pé ó ṣiṣẹ́, ẹ dá ohun tuntun náà dúró fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí ara bá dúró bó ṣe wà, kì í ṣe òun ló ṣe é. Bí gígan bá padà, tó sì tún lọ nígbà tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ní ẹ̀rí tó ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á lọ.

Ẹ gbé ìgò lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má ṣàpèjúwe rẹ̀ lẹ́nu lásán. Ẹ lè sọ pé: “Mo fẹ́ fi èyí kún oògùn mi fún oṣù 3. Mi ò ní dá tiyín dúró. Ṣé ó ń bá ìkankan jà, àyẹ̀wò wo la sì máa fi ṣọ́ ọ?” Ó ṣòro fún dókítà láti bínú sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu, ewé àti fítámì pẹ̀lú.

Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ bá jẹ́ kí oògùn dín kù

Ìfẹ́ yìí kò burú, ọ̀nà sì wà. Nínú rheumatoid arthritis, àìsàn gbọ́dọ̀ ti rọlẹ̀ pátápátá fún oṣù 6 ó kéré tán, nínú àyẹ̀wò àti nínú oríkèé. Prednisolone ló kọ́kọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń dín òmíràn kù tàbí kí wọ́n fa ọjọ́ rẹ̀ jìnnà síra, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Àìsàn náà ń padà lára ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dá gbogbo rẹ̀ dúró pátápátá, torí náà ẹ bi dókítà léèrè ṣáájú ohun tí ẹ máa ṣe bó bá padà. Ẹ má dín oògùn kù ní oṣù kan náà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ egbòogi. Ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe kí ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dá oògùn yín dúró kí tòun tó lè ṣiṣẹ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìrora tó ń pọ̀ sí i ló ń fi hàn pé ìdọ̀tí ń jáde, ẹ má dá a lóhùn. Ìrora àti wíwú tó ń pọ̀ sí i ń fi hàn pé àìsàn ń ru.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní dúró de ọ̀la, ohun yòówù tí ẹ bá ń lò: ibà tó dé 38°C lórí oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lágbára, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ tó dúdú tàbí tó ń hó, ẹnu tó bó, ikọ́ gbígbẹ pẹ̀lú èémí tó ń kúrú, ojú tó ṣàdéédéé ń ríran bàìbàì, ẹsẹ̀ tàbí apá tó rọ lójijì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì kó gbogbo ìgò, páálí àti ìwé àkọsílẹ̀ yín dání.